Àpótí Ohùn Tí Ó Hu Eyín

Ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1958, Sabina Ikúmápàyí kọ̀ láti tẹ àtàǹpàkò.

Orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bàrígà ni ó ti kọ̀. Ọgọ́fà àgbàlagbà ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: àwọn apẹja, àwọn ẹlẹ́ja, àwọn aránṣọ, àti àwọn tí ń fọ ilẹ̀ ní ilé-ìwòsàn Igbóbì. Fún oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé lábẹ́ Ẹgbẹ́ Ìtànṣán, ẹgbẹ́ tí ó gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ láti sọ àgbàlagbà di amọ̀wé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, wọ́n ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, èyí tí í ṣe àpèkọ. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, olùdánwò tí Ẹgbẹ́ rán wá, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kà á sínú makirofóònù. Ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti inú àpótí dúdú kan tí a gbé kọ́ sára igi máńgòrò. Ohun tí etí bá gbọ́ ni ọwọ́ ní láti kọ. Nínú ọgọ́fà ènìyàn, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni ó kùnà.

Òfin Ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí ó bá kùnà yóò tẹ àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, láti fi hàn pé ó gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì padà sí ìwé kìn-ín-ní. Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Sabina, ó dìde, ó rìn dé iwájú tábìlì, ó sì di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Oǹdó, ẹja ni ó sì ti ń tà ní èbúté Bàrígà láti ìgbà tí ó ti ń pọn Adébùnmí àkọ́bí rẹ̀. Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Ìyá Bùnmí. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti yàn án láti ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ ọjà, tí yóò jókòó ní oṣù tí ń bọ̀ láti pinnu ibi tí a ó ti máa yan ẹja. Ìgbìmọ̀ náà kì í gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí Ẹgbẹ́ Ìtànṣán. Bí Sabina bá tẹ àtàǹpàkò, ọkùnrin kan tí èéfín ẹja kò kó sí lójú rí ni yóò máa sọ̀rọ̀ ní orúkọ wọn.

"Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Kọ́ládé wí, ó sì ti tìmùtìmù tàdáwà sún mọ́ ọn.

"N kò ní í tẹ̀ ẹ́, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tí kò mọ̀wé ló ń tẹ àtàǹpàkò. Èmi mọ̀wé."

"Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ni mo kà níbẹ̀."

"Ẹ tún un wò dáadáa. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni."

Kọ́ládé wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìwé náà bí kò ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà kan. Níbi tí ó yẹ kí *s* wà, obìnrin náà kọ *ṣ*. Níbi tí ó yẹ kí *ṣ* wà, ó kọ *s*. Ẹni tí ó ṣe àpèkọ náà ní olú-ilé Ẹgbẹ́ ti mọ̀ọ́mọ̀ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, sá àti ṣá, sẹ́ àti ṣẹ́, sán àti ṣán, kí ó lè fi dán àmì abẹ́ wò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Ní oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́, àwọn obìnrin sá ẹja sórí àtẹ, àwọn ọkùnrin ṣá igi fún iṣẹ́ ọkọ̀." Sabina kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ṣá ẹja.

"Ìyàtọ̀ wà, Ìyá," ni Kọ́ládé wí, "láàrin kí a sá ẹja sóòrùn àti kí a fi àdá ṣá a."

"Èmi ni ẹ fẹ́ kọ́ ní ìyẹn? Èyí tó kéré là ń sá. Èyí tó bá gùn ju apá lọ, ṣíṣá là ń ṣá a. Oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ kan náà la sì ń ṣe méjèèjì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín kò sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Àpótí yín náà kò sọ ọ́. Há, há, há ni mò ń gbọ́ láti orí igi yẹn."

"Àwọn mẹ́tàlélógójì gbọ́ ọ."

"Wọ́n méfò, ó sì bọ́ sí i. Mo bá wọn yọ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Kọ́ládé kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará odò," ni ó wí, "omi ló kún etí yín."

"Ọmọ odò ni mí lóòótọ́, sà. Bí ẹja bá ń dún lábẹ́ ọ̀sà, ẹ̀gbọ́n mi á ti àjẹ̀ bọ inú omi, á fi etí lé ìdí rẹ̀, á sì sọ irú ẹja tó ń kọjá. Ìyá kan náà ló bí èmi àti òun. Kò sí omi létí mi."

Tísà Beatrice Ọláwuyì, obìnrin tí ó ti ń kọ́ wọn láti oṣù mẹ́sàn-án, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Mo ti pe sá àti ṣá fún Ìyá Bùnmí nínú kíláàsì títí ó fi sú mi, sà. Kò ṣì í rí."

Kọ́ládé pa ìwé náà dé. Kò lè fi ìwé tí orúkọ kan ṣófo nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí olú-ilé. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìwé yìí ń lọ," ni ó wí. "Ẹ fi àtàǹpàkò yín hàn mí lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ fi àpótí tó dára ju èyí tí a rà láti ìlú Òyìnbó hàn mí." Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ìkejì kò ṣeé ṣe.

"Mo gbọ́, sà," ni Sabina wí, ó sì padà lọ jókòó. Àwọn mọ́kàndínlógún tí kò tíì tẹ̀ náà ká ọwọ́ wọn sábẹ́ abíyá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rìn láti èbúté lọ sí Ṣómólú, sí ṣọ́ọ̀bù Moshood Adéjìmí, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Fádèyí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Moshood. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀, akọ̀wé ni bàbá bàbá rẹ̀, àwọn mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí yíǹkì kan aṣọ wọn. Òun nìkan ni ó yàn láti máa fi ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Rédíò ni ó ń tún ṣe, ṣùgbọ́n pákó ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ó ń kan àpótí sípíkà fúnra rẹ̀, àpótí gígùn tí ó wúwo, tí ó sì ń dúró sójú pópó títí òjò yóò fi pa á nítorí pé kò sí ẹni tí ń rà á. Pósí Moshood ni àwọn ará àdúgbò ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Bùnmí. Rédíò ta ni ẹ gbé wá?"

"Rédíò kọ́. Ẹjọ́ ni mo gbé wá."

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Moshood gbọ́ ọ láì fi irin gbígbóná tí ó fi ń jó wáyà pọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó ní: "Àpótí Ẹgbẹ́ kò ní eyín ni."

"Àpótí wo ló ń ní eyín?"

"Ẹ pe *ṣ* fún mi."

Sabina pè é.

"Níbo ló ti jáde?"

Ó fi ìka kan eyín iwájú rẹ̀.

"Ó dáa. Arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká tán, *s*, *ṣ*, *f*, ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Sípíkà ńlá kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí yẹn. Ohùn tó ń ti àyà wá ló lè gbé. Ohùn tó ń ti eyín wá yára jù fún un. Kí ó tó mì, ọ̀rọ̀ ti kọjá." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá inú garawa kan, ó sì mú sípíkà kékeré kan jáde, tí kò ju ẹnu ife tíì lọ. Inú rédíò ará Jámánì kan tí ó jóná ni ó ti yọ ọ́. "Tùwítà là ń pe èyí. Òun ni eyín."

"Ṣé o ní i lọ́wọ́, tí o wá ń jẹ́ kí wọ́n pe àpótí rẹ ní pósí?"

"Mo ti fi sí i, Ìyá. Ohùn rẹ̀ ń lọ tààrà bí ọfà. Ẹni tó bá jókòó gan-an níwájú ló ń gbọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwo ló nílò, tó kéré nídìí, tó sì fẹ̀ lẹ́nu, tí yóò tan ohùn náà sọ́tùn-ún sósì. Mo fi páànù ṣe ọ̀kan, ohùn agolo ló ń mú jáde. Igi ló yẹ ẹ́. Igi pẹlẹbẹ ni èmi sì mọ̀ ọ́n kàn. Èmi kò mọ bí a ti í gbẹ́ ohun tó yípo."

Ó na ìwé àpò sìmẹ́ńtì kan sílẹ̀, tí ó ti fi pẹ́ńsù ya ìwo náà sí. Sabina bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó tọ ìlà rẹ̀ pẹ̀lú ìka láti ìdí dé ẹnu.

"Imú ọkọ̀ rèé," ni ó wí.

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ ojú omi. Kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi ló ti ń gbẹ́ irú èyí."

Táwà, ìyàwó Moshood, yọjú láti inú yàrá. "Ìyá Bùnmí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ óò bá ràn án lọ́wọ́, ẹ sọ fún un kí ó má wo ìrọ̀rí mi. Ọ̀kan ti wọ inú pósí rí."

"Òwú àràbà inú rẹ̀ ni mo lò," ni Moshood wí. "Bí a kò bá fi òwú tẹ́ inú àpótí, ohùn á máa ta padà nínú rẹ̀."

"Orí mi náà ń ta padà lórí pákó," ni Táwà dá a lóhùn.

Japhet Ikúmápàyí, ẹ̀gbọ́n Sabina, ni ẹni tí àwọn apẹja Bàrígà ń gbé iṣẹ́ ọkọ̀ fún. Ó wo ìwé àpò sìmẹ́ńtì náà títí, ó yí i po, ó tún un wò.

"Moshood, ọkọ̀ yìí kéré. Èkúté ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ohùn ni, Bàbá."

"Ohùn ló fẹ́ wọkọ̀." Ó mi orí. "Báwo ló ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń jáde?"

Moshood gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n Japhet ti dá a dúró. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Bí omi ni. Bí ojú igi bá gbún lójijì, omi á fọ́ mọ́ ọn, ariwo á sì pọ̀. Bí ó bá ń fẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi kò ní í mọ̀ pé òun ń fẹ̀ títí yóò fi bọ́ síta."

"Ìwé tí mo kà kò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀," ni Moshood wí.

Ègé igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ kan tí ó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ ni Japhet mú. Ó là á sí méjì lóòró, ó gbẹ́ inú ìlàjì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àáké pẹlẹbẹ tí a fi ń gbẹ́ inú ọkọ̀, ó sì fi àfọ́kù ìgò ha á. Kò lo ìwọ̀n kankan. Ó ń pa ojú dé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú igi náà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń ha. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi àtè lẹ ìlàjì méjèèjì pọ̀. Ẹnu ìwo náà gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹnu ẹja àrọ̀, ó sì tẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, kí ohùn má bàa máa ṣòfò lọ sí ojú ọ̀run.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé àpótí náà sí ẹ̀yìn ilé Japhet, ní etí ọ̀sà. Sípíkà ńlá wà nísàlẹ̀, ìwo wà lókè rẹ̀, tùwítà sì wà ní ìdí ìwo. Moshood ti so kọ̀ńdẹ́ńsà kan mọ́ ojú wáyà tùwítà náà, ohun kékeré tí ń dá ohùn nínípọn dúró kí ó má bàa wọ ibi tí yóò ti ṣe ìjàǹbá. Bátìrì mọ́tò ni ó fún ẹ̀rọ ní agbára. Sabina lọ jókòó sí ìta lọ́nà jíjìn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àdéhùn wọn ni pé bí ó bá gbọ́ sá, kí ó na ọwọ́ òsì. Bí ó bá gbọ́ ṣá, kí ó na ọwọ́ ọ̀tún.

"Sá," ni Moshood wí sínú makirofóònù.

Ọwọ́ òsì lọ sókè.

"Sá."

Ọwọ́ òsì.

"Ṣá."

Ọwọ́ kankan kò lọ sókè. Ó tún un pè ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó yá, Sabina dìde, ó sì rìn padà wá.

"Sá jáde bí abẹ́rẹ́," ni ó wí. "Èkejì já sínú kòtò."

"Kòtò báwo, Ìyá?"

"Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ *á* tó gbẹ̀yìn. Ní àárín, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ já sínú kòtò, ó sì tún gòkè."

Moshood jókòó sórí igi kan. Ó rò ó wò. *S* ga pátápátá, inú agbègbè tùwítà ni ó wà gbáko. Ṣùgbọ́n *ṣ* nípọn jù ú lọ díẹ̀. Ibi tí sípíkà ńlá ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kékeré sì ti ń gbà á ni ó bọ́ sí. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ ohùn kan náà pọ̀, níbẹ̀ gan-an sì ni ohùn ti ń nù.

"Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀," ni ó wí. "Ó yẹ kí ó le sí i ni. Kí ló dé tó fi ń kú?"

Japhet ti ń fi okùn tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Kò gbé ojú sókè. "Ṣé wọ́n jọ ń ti àjẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ta ni?"

"Atukọ̀ rẹ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ń tì síwájú tí èkejì sì ń fà sẹ́yìn, bí wọ́n lágbára bí erin, ojú kan lọkọ̀ á dúró sí."

Moshood wò ó. Ó dìde, ó fi ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ wo bí awọ sípíkà ńlá ti jìn sínú tó, ó sì wo ibi tí tùwítà wà. Kékeré wà níwájú ńlá pẹ̀lú ìbú ìka mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ ń ṣáájú jáde. "Ẹ gbẹ́ ìdí ìwo yìí sẹ́yìn sí i fún mi, Bàbá. Ìka mẹ́ta." Nígbà tí Japhet gbẹ́ ẹ tán, Moshood sún tùwítà sẹ́yìn, ó sì fi orí wáyà rẹ̀ méjèèjì pààrọ̀ ara wọn, kí ó lè máa tì nígbà tí ńlá bá ń tì.

Sabina padà sí ibi tí ó jókòó sí. Moshood pe ọ̀rọ̀ ogún láì tẹ̀lé ètò kankan. Ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì. Sabina kò ṣi ẹyọ kan. Ó ṣí kúrò níwájú, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ jíjìn lápá òsì, ó lọ sí ọ̀tún, ó ń nawọ́ bí ẹni tí ń darí ọkọ̀ wọ èbúté.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin mẹ́rin ni ó ru àpótí náà dé orí pápá. Kọ́ládé rí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló kú?" ni ó bèèrè.

"Kò sí ẹni tó kú, sà," ni Moshood wí. "Ẹni tí wọ́n ní ó kú ló fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ẹgbẹ́ kì í fi pákó tí wọ́n kàn ní Ṣómólú ṣe ìdánwò."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú àpótí tó dára ju tiyín lọ wá," ni Sabina wí.

"Mo ń ṣàwàdà ni, Ìyá."

"Oṣù mẹ́sàn-án mi kọ́ ni ẹ ó fi ṣàwàdà, sà. Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú tiyín. Ẹ kà á nínú tiwa. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, mo máa tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ìwé yín."

Gbogbo pápá ni ó gbọ́ ọ, kò sì sí bí Kọ́ládé ti lè yẹ̀ ẹ́. Ó kà á nínú àpótí dúdú. Há àti hó ni ó jáde bí ti àtẹ̀yìnwá. Moshood gba makirofóònù náà, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì fi í lé Kọ́ládé lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ni ìwé tí ń pariwo lọ́wọ́ olùdánwò. Wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni pé ọwọ́ ara wọn ni ó wà. Lẹ́yìn èyí ni ó kà á, ohùn rẹ̀ sì kárí pápá láti ògiri dé ògiri, ó nípọn láyà, ó mú léyín:

"Ní osù Sẹ́ẹ̀rẹ́, àwọn obìnrin sá ẹja sórí àtẹ, àwọn ọkùnrin sá igi fún isẹ́ ọkọ̀."

Bàbá apẹja kan wí láti ẹ̀yìn pé: "Wọ́n sá igi? Ìgbà wo ni igi di ṣàwá?"

Ẹ̀rín gba pápá kan. Kọ́ládé nawọ́ sí àpótí náà. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Ó ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan."

Tísà Beatrice ni ó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó sì tẹ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ makirofóònù náà. "Ní oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́," ni ó wí, "àwọn ọkùnrin ṣá igi fún iṣẹ́ ọkọ̀."

Gbogbo *ṣ* náà jáde ní pípé. Kò sí ọ̀kan tí ó já sínú kòtò.

Ọmọ Ìbàdàn ni Kọ́ládé, ní ìlú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi *s* pe *ṣ* láì sí ẹni tí ó ka èyí sí àléébù. Ó ń fi àmì sí i bí ó bá ń kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ahọ́n rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́ta tí ó ti ń ṣe olùdánwò, àpótí aláìléyín ni ó fi ń sọ̀rọ̀, àpótí náà sì ti bo ẹnu rẹ̀ fún un.

"Bí a ti ń pè é nílé wa nìyẹn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. Ó gbàgbé pé makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ òun.

"Kò burú nílé yín, sà," ni Sabina wí. Kò rẹ́rìn-ín ní ti rẹ̀. "Bí èmi náà bá sọ èdè ilé mi níbí, ìdajì àwọn ènìyàn yìí ni kò ní í gbọ́ mi. N kò fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mú àmì tí ẹnu yín kò pè, ẹ fi dá ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lẹ́bi, ẹ sì ní omi ló kún etí wa."

Kọ́ládé gbé makirofóònù sílẹ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. "Ẹ jẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyá. Màá kọ orúkọ yín mọ́ ti àwọn tó yege."

"Tèmi nìkan?"

"Ẹ̀yin lẹ kò tẹ̀ ẹ́."

"Bí mo bá gbà á báyìí, ọjọ́ tí mo bá la ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ni wọn yóò ní ẹnì kan ló ṣàánú mi. N kò wá àánú. Ìdánwò ni mo fẹ́. Kí gbogbo wa tún un ṣe, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ àti àwọn tí kò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi àpótí yìí kà á."

"Ẹ jẹ́ kí Tísà kà á nígbà náà."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ka òfin sí wa létí," ni Sabina wí. "Olùkọ́ kì í ka àpèkọ fún ọmọ kíláàsì rẹ̀. Olùdánwò ló ń kà á. Ẹ̀yin ni olùdánwò."

"Ìyá, ṣé ẹ kò rí i pé ahọ́n mi kò—"

"A máa kọ́ yín. Oṣù mẹ́sàn-án la fi kọ́ tiwa. Ẹ fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ti ètè síwájú bí ẹni tó fẹ́ lé adìẹ."

Kọ́ládé dúró. Ó wo Tísà Beatrice. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. Ó wo àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tí ó ti tẹ̀ ẹ́, tí tàdáwà kò tíì kúrò lábẹ́ èékánná wọn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa ìwé àwọn tí ó kùnà jáde, ó ya á sí méjì, ó tún un ya, ó sì fi ègé rẹ̀ sí àpò. Ó mú àpèkọ mìíràn jáde nínú báàgì rẹ̀, gbólóhùn méjìlá. Àwọn ènìyàn mú pẹ́ńsù wọn.

Ó sún mọ́ makirofóònù.

"Gbólóhùn kìn-ín-ní," ni ó wí. "Ẹ má sẹ́ igi tí ẹ kò gbìn."

Àpótí náà sọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ gan-an. Kò sí pẹ́ńsù kan tí ó kan ìwé.

Sabina na ọwọ́ sókè. "Ẹ tún un pè, sà."

"Ẹ má sẹ́ igi."

"Ẹ tún un pè."

Kọ́ládé fi aṣọ ìnujú nu iwájú orí rẹ̀. Ó ti ètè síwájú. Ó fa ahọ́n sẹ́yìn, ó fà á sẹ́yìn jù, ó tún un gbé síwájú. Pápá gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan itọ́ tí ó gbé mì. "Ẹ má," ni ó wí, ó sinmi, "ẹ má ṣẹ́."

Ó jáde, ó rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n ó jáde.

Pẹ́ńsù mẹ́tàdínlọ́gọ́rin balẹ̀ sórí ìwé. Sabina kọ ọ́, ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè láti dúró de ìyókù. Ó ku gbólóhùn mọ́kànlá.